Ọkùnrin Tó Ń Ṣubú Lára Aṣọ Funfun

Ìwà òmùgọ̀ tí mo hù ní Sátidé tó kọjá, kò sẹ́ni tó tì mí sí i. Démiládé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń kọ́ nípa fíìmù ní yunifásítì, ló bẹ ọ̀gá gbọ̀ngàn kan ní East Flatbush, ní Amẹ́ríkà níbí, títí tó fi gbà kó wá fi fíìmù àtijọ́ han àwọn èèyàn, ti àwọn apanilẹ́rìn-ín ilẹ̀ Faransé, èyí tí kò lóhùn rárá. Bó bá dùn mọ́ wọn, á máa ṣe é lóṣooṣù; bí kò bá dùn, ó parí nìyẹn. Èmi ni mo fi mọ́tò gbé e wá láti Williamsbridge, ní Bronx tí mò ń gbé. Nínú fíìmù náà, ọkùnrin sanra kan gbé àkàbà léjìká, ó yíra padà, àkàbà gbá ọlọ́pàá, òun fúnra rẹ̀ sì ré sínú ọpọ́n ìyẹ̀fun. Kí n tó mọ̀, mo ti dìde. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ṣé ẹ ò fara pa?" Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi. Démiládé dorí kodò.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ.

Ní Abẹ́òkúta, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ká eyín iwájú, fádà arúgbó kan wà tó jẹ́ ará Faransé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á ta aṣọ funfun mọ́ ògiri ilé ìwé, á máa fọwọ́ yí ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ á máa dún bí ẹni ń lọ ata, àwọn èèyàn ara aṣọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Wọ́n ń sáré, ẹsẹ̀ wọn ò dún. Wọ́n ń la ẹnu, ohùn ò jáde. Lójú tèmi, òkú ni wọ́n, bí èyí tó ṣáájú bá sì ti kọsẹ̀, orí itan mi ni yóò já bọ́ sí. Mo wọ abẹ́ ìborùn ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, mo yọ ojú kan síta kí n lè rí ẹni tó máa pa mí. Súlè ọ̀rẹ́ mi jókòó síwájú pátápátá, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Ọkùnrin kan ṣubú, Súlè bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà fà á létí. "O ò kọ́kọ́ kí i?" Ni gbogbo wa, tọmọdé tàgbà, bá kí aṣọ funfun ní pẹ̀lẹ́. Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn fìlà rẹ̀, ó dé e padà bí ọlọ́lá. Ìyá àgbà wò ó dáadáa. "Ó ti dìde. Ẹ lè rẹ́rìn-ín báyìí." Òun ló sì rín jù, títí ìborùn fi já bọ́ lórí mi, tí gbogbo ayé rí ojo tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òkú wo ló ń gbọn fìlà? Ibẹ̀ lẹ̀rù ti tán lára mi.

Ìyá àgbà ti lọ, fádà ti lọ. Kútọnu ni mo gbọ́ pé Súlè wà kẹ́yìn, n kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Níbí, bí èèyàn bá yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, àwọn èèyàn á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Èmi náà ti kọjá bẹ́ẹ̀ rí, torí mò ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin inú ìyẹ̀fun yẹn ò dàgbà rárá. Ó ṣì ń ṣubú, ó ṣì ń dìde.

Nígbà tí wọ́n tanná fún ìsinmi, mo lọ bá Démiládé, mo ròyìn ìyá àgbà fún un, mo ní kó má bínú, inú mọ́tò ni màá ti dúró dè é. Ọmọ tí mo pọ̀n lẹ́yìn ni mo wá ń bẹ̀rù. Ó wo inú gbọ̀ngàn. Kò sẹ́ni tó mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀ láti lọ, ọ̀gá gbọ̀ngàn sì ń nu omi ẹ̀rín lójú.

"Dádì Bronx," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti ọmọ Amẹ́ríkà, "fíìmù yẹn ò lóhùn. Ẹ padà lọ jókòó, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀."