Ọjọ́ Tí Wọ́n Dé Mi Mọ́ Inú Táǹkì

Òórùn kilorínì tí a ń dà sínú omi ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, òórùn tó máa ń ta ni nímú bí ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, tó sì máa ń lẹ̀ mọ́ irun ẹni títí di ọjọ́ kejì. Ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ tí a ti ń ṣe omi inú ọ̀rá ni mo wà, ní Sango, lọ́nà Ìdìrókò. Mo lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu táǹkì abẹ́ ilẹ̀, mo ń ṣan búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta: ọlọ́wọ́ gígùn fún ògiri, onírun líle fún ilẹ̀, àti kékeré kan bíi ti ìfọyín fún asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ọjọ́ yẹn nìkan ni àwọn ẹ̀rọ inú gbọ̀ngàn máa ń dákẹ́ lọ́sàn-án, kí àwọn tó fẹ́ kírun lè ráyè lọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù la fi ń fọ táǹkì.

Táǹkì náà jìn. Bí èèyàn mẹ́ta bá gun èjìká ara wọn nínú rẹ̀, orí ẹni òkè ló máa yọ lẹ́nu ihò. Àkàbà irin la fi ń sọ̀kalẹ̀. A máa ń fa omi rẹ̀ títí yóò fi kù sí ìwọ̀n orúnkún, ṣùgbọ́n láàárín ilẹ̀ rẹ̀ kòtò kan wà tí wọ́n gbẹ́ fún páìpù tó ń fa omi. Kòtò yẹn ju èèyàn lọ, kì í sì í gbẹ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni asẹ́ ẹnu páìpù wà, ẹni tó bá sì fẹ́ fọ asẹ́ náà gbọ́dọ̀ sé èémí mọ́nú, kó rì wọlẹ̀ tòun ti tọ́ọ̀ṣì lórí. Èmi nìkan ló lè ṣe é nínú gbogbo wa, nítorí pé awayanrìn ni bàbá mi nínú odò Ògùn, lápá Ìṣẹ́rí, mo sì ti ń bá a rì kí n tó wọ ilé-ìwé girama. Bàbá mi kì í rì láìjẹ́ pé ẹnìkan jókòó sínú ọkọ̀ tó ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Bí onítọ̀hún bá ka ọgọ́ta tí kò rí orí rẹ̀, á bẹ́ sódò. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá dá rì, dídá náà ló máa dá kú.

Mo mọ èyí dáadáa, síbẹ̀ mo fẹ́ràn ibẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí, ọ̀rẹ́ mi. Nílé, yàrá kan ni àwa mẹ́fà ń gbé ní Ìjù, rédíò alábàágbé wa kì í sì í sinmi. Lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ ń pariwo láti àárọ̀ dalẹ́ débi pé ọwọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú kòtò yẹn, bí omi bá ti bo etí mi, ọkàn mi tó ń lù nìkan ni mò ń gbọ́. Omi náà tutù, ó ń gbé ara mi ró bí ẹni pé n kò wúwo. Kò sẹ́ni tó ń béèrè iyọ̀ lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí ìbọ̀sẹ̀ òun wà. Bí mo bá fọ asẹ́ tán, n kì í tètè jáde. Màá yọrí, màá mí, màá tún padà. Ọ̀dọ́bìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó máa ń jókòó lẹ́nu ihò dè mí, a máa bi mí pé ọkọ wo ni mo fi pamọ́ sísàlẹ̀ yẹn.

Àṣà kan wà tí gbogbo ilé-iṣẹ́ mọ̀. Ẹni tó bá wà nínú táǹkì á bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára ògiri, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n: bí o bá rí bàtà, èèyàn wà nísàlẹ̀, bí o kò bá rí bàtà, tètè fi ìdérí bo ihò náà, nítorí ewúrẹ́ àdúgbò ti já sínú rẹ̀ rí, odidi ọjọ́ méjì la sì fi dáṣẹ́ dúró. Yàtọ̀ sí bàtà, okùn máa ń wà ní ìbàdí ẹni tó wọlé. Ẹni òkè á fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹni ìsàlẹ̀ á fà á padà, kí wọ́n lè mọ̀ pé àlàáfíà ni.

Lọ́jọ́ yẹn, sálúbàtà ọ̀dọ́bìnrin náà já bó ṣe ń múra mọ́sáláṣí. Ó ní kí n yá òun ní tèmi, mo sì bọ́ ọ fún un. Ó tóbi fún un, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ ṣàà, ṣàà. Nígbà tó dé kọ̀rọ̀, ó yíjú padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wọ inú táǹkì o, kí n tó dé. Mo mọ̀ yín."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì kọ́kọ́ jókòó lóòótọ́. Mo ṣan búrọ́ọ̀ṣì tán, mo tò wọ́n, mo tún wọn tò. Ibi gbogbo dákẹ́. Mo wo ẹnu ihò náà, mo sọ fún ara mi pé asẹ́ nìkan ni màá fọ̀, pé kò ní í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Okùn wà lórí ìṣó, mi ò mú un, torí ta ni ìbá fà á? Mo de tọ́ọ̀ṣì mọ́rí, mo sọ̀kalẹ̀. Ní ti bàtà, mi ò tilẹ̀ rántí. Ẹsẹ̀ mi ti wà lásán, bó ṣe máa ń wà nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ wọlé, kò sì sí ohun tó sọ fún mi pé nǹkan kan kù.

Nígbà tí mo rì lẹ́ẹ̀kẹta tí mo yọrí, ìmọ́lẹ̀ ẹnu ihò kò sí mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé òjò ló ṣú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rọ bọ́họ̀ọ̀lù tó bú, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti òkè. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí bí wọ́n bá mú iná dé: kò sẹ́ni tó ń dúró ronú. Bàbá tó ń bójú tó ẹ̀rọ omi ti sáré dé. Ó rí ihò tó ṣí sílẹ̀, kò rí bàtà, ó ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Ó dé e, ó fi irin tì í pa, ó tan ẹ̀rọ, ó sì lọ bá ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu géètì.

Mo gun àkàbà, mo fi ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì lu ìdérí náà. Mo pariwo. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ń ké, ohùn mi kàn ń kọlu ògiri, ó ń padà wá bá mi. Mo mọ iye àkókò tí táǹkì yẹn fi ń kún, torí èmi ni mo máa ń ṣọ́ ọ: wákàtí kan ó lé díẹ̀. Mo tún mọ̀ pé bí ọ̀dọ́bìnrin yẹn bá tilẹ̀ tètè dé, ihò tí wọ́n ti dé ló máa bá, á sì rò pé mo ti lọ jẹun.

Omi kúrò lórúnkún, ó dé ìbàdí. Mo kúrò lórí irin àkàbà kan bọ́ sórí òmíràn, títí ẹ̀yìn ọrùn mi fi kan irin tútù, tí n kò rí ibi gùn mọ́. Mo ń lu ìdérí lẹ́ẹ̀mẹta, màá sinmi, màá tún lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, kí n má bàa fi èémí ṣòfò. Tọ́ọ̀ṣì mi ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Èrò tó wá sí mi lọ́kàn kò tóbi rárá: aṣọ ilé-ìwé àbíkẹ́yìn mi tí mo rẹ sínú ọṣẹ, ta ló máa fọ̀ ọ́? Nígbà tí omi dé àyà mi ni ọ̀rọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ohun tí mo ń wá kiri wọ inú táǹkì yẹn, pé kí ẹnikẹ́ni má lè pè mí, mo ti rí i gbà lọ́wọ́ báyìí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, sókè, bí ẹni tó ń pè wọ́n wá jẹun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè, ńṣe ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ọ̀dọ́bìnrin náà dé láti mọ́sáláṣí, ó béèrè mi. Bàbá ẹlẹ́rọ ń rẹ́rìn-ín, ó ní ebi ti lé mi dé Ìyànà Ìyẹsí. Ọmọ náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Bàbá, bàtà wọn ló wà lẹ́sẹ̀ mi yìí. Ṣé ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi lọ jẹun ni?"

Wọ́n ní ẹ̀rín kú mọ́ bàbá náà lẹ́nu, àti pé n kò ní í gbà gbọ́ pé àgbàlagbà lè sáré bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìdérí ṣí, ìmọ́lẹ̀ gún mi lójú. Abíyá ni wọ́n ti dì mí mú, tí wọ́n fi fà mí jáde, omi ti dé ọrùn mi.

Kí aṣọ tó gbẹ lára mi ni mánéjà ti pè wá. Ó fẹ́ lé bàbá ẹlẹ́rọ lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bàbá náà kó ọwọ́ sẹ́yìn, kò sọ pé òun kò rí bàtà. N kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá, ṣùgbọ́n mo sọ̀rọ̀. Mo ní wọ́n kìlọ̀ fún mi. Mo ní èmi ni mo wọlé láìsí okùn, láìsí bàtà, pé ohun tó yẹ ni bàbá ṣe. Mánéjà béèrè ta ló rán mi. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, pé mo kàn fẹ́ dákẹ́ fúngbà díẹ̀ ni. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó ní kí n lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò lé bàbá náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni mo fi ronú. Mo ti máa ń rò pé ìdákẹ́jẹ́ àti àìní-ẹnìkan jẹ́ nǹkan kan náà. Irọ́ ni. Bàbá mi gbádùn ìsàlẹ̀ odò nítorí pé ẹnìkan wà lókè tó ń ka oókan, eéjì dè é. Àdánìkanwà tí kò ní ẹnu ọ̀nà, ibojì ni.

Nígbà tí oṣù yí po, tí iṣẹ́ táǹkì tún kàn wá, mo dúró lẹ́nu ihò náà pẹ́, ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti tẹ irin àkàbà àkọ́kọ́. Ọ̀dọ́bìnrin náà kò tì mí, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó so okùn mọ́ mi ní ìbàdí, ó fà á wò, ó sì ká ẹsẹ̀ jókòó sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ dákẹ́ tiyín. Mi ò ní í bá yín sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní í dìde níbí."