Eruku Ẹsẹ̀ Àga Adájọ́

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gbáko ni obìnrin yìí fi ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé ẹjọ́. Kí adájọ́ tó dé láràárọ̀, á ti gbálẹ̀, á ti nu tábìlì, á wá fi aṣọ ìnujú funfun nu àga ńlá náà láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn akọ̀wé ló sọ ọ́ ní Má-féruku-sílẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, orúkọ náà bá a délé. Ẹ̀rù òfin náà bá a délé. Ìṣojú rẹ̀ ni àwọn èèyàn ṣe máa ń gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé láàárọ̀ nínú aṣọ tó dáa, tí wọ́n á sì gba ẹ̀yìn kó wọn lọ sẹ́wọ̀n lọ́sàn-án.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ríṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń mú àlejò káàkiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti àwọn ibi àtijọ́ orílẹ̀-èdè náà. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní àwọn á fi dán an wò. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní kí Màmá bá òun lọ fún ọjọ́ méjì.

“Ilé ẹjọ́ nìkan kọ́ ló wà láyé, Màmá. Ẹ jẹ́ kójú yín rí nǹkan.”

Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́, olùtọ́jú ibẹ̀, bàbá kan tó lo awò, dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ojú ni kí ẹ fi wò, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án, ẹni tó kó yín wá ni mo máa fẹjọ́ ẹ̀ sun ọ̀gá ẹ̀.”

Màmá gbọ́ ọ yékéyéké. Ṣùgbọ́n nínú yàrá kẹta ló ti bá àga adájọ́ àtijọ́ kan pàdé lẹ́yìn okùn, eruku funfun lẹ́búlẹ́bú sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Àga adájọ́! Àwọn yòókù ti kọjá síwájú. Ọwọ́ rẹ̀ ti gba orí okùn kọjá, ó ti fi aṣọ ìnujú rẹ̀ nu ẹsẹ̀ àga náà mọ́ tónítóní, kí orí rẹ̀ tó gbọ́ ohun tí ọwọ́ ń ṣe.

Ó ká aṣọ ìnujú náà wọnú báàgì. Nínú ọkọ̀, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ mìíràn bá fun fèrè lẹ́yìn wọn, ó ń wojú ọmọ rẹ̀, ó ń rò ó pé òun ti ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Ibi kejì tí wọ́n lọ, àfi bí ẹni pé wọ́n mọ̀ ọ́n mọ̀: ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni. Ẹni tó ń fi ibẹ̀ hàn wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn nínú yàrá kan kí wọ́n lè mọ bó ṣe ṣókùnkùn tó.

“Ẹ ṣílẹ̀kùn!” Ariwo Màmá gba ibẹ̀ kan. “Èmi ni! Ọmọ mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀!”

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ní, “Ìyá, kí lẹ jí? Ẹ jẹ́ ká jọ pín in.”

Ọmọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó fà á jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Màmá, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn.” Ó wo báàgì Màmá. “Ẹ ju aṣọ yẹn nù. Ẹnikẹ́ni ò ṣáà rí yín.”

“Gbogbo àwọn tí wọ́n gba ẹ̀yìn kó lọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mú mi padà.”

Nígbà tí àwọn àlejò ń jẹun, àwọn méjèèjì wọ takisí padà. Màmá kúnlẹ̀ fún olùtọ́jú náà. Ó na aṣọ ìnujú sí i, ó sọ ohun tó ṣe. Bàbá náà tú u, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Màmá ti ń gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n létí.

“Níbo gan-an lẹ ti nù ún?”

“Ẹsẹ̀ ọ̀tún, lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kí ẹ mú.”

“Eruku kọ́ nìyí, Màmá. Igi tí kòkòrò ń jẹ tó ń tú jáde ni. Mo yẹ àga náà wò lọ́jọ́ Ajé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.” Ó lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí àga náà. Ihò méjì wà níbẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́. Ó pe èèyàn kí wọ́n gbé àga náà kúrò láàárín àwọn ohun onígi yòókù kíákíá, kí kòkòrò náà má baà wọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé ńlá kan. “Mo máa kọ ọ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án. Mo máa kọ ọ́ pé ẹ padà wá sọ ọ́. Ọ̀gá ọmọ yín á gbọ́ méjèèjì.”

Oorun kò kan ojú Màmá.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́nu ọ̀nà ilé kan tí wọ́n ń kó àtùpà àtijọ́ sí, fóònù dún. Ọmọ náà sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Màmá di irin ẹnu ọ̀nà mú gírígírí.

“Ọ̀gá ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ.”

“Ṣé ó tán?”

“Kò tán. Wọ́n ní kí n gba aṣọ ìnujú lọ́wọ́ yín kí ẹ tó wọlé.”

Màmá yọ ọ̀kan nínú báàgì, ó yọ ọ̀kan lápá aṣọ. Ọmọ rẹ̀ kò gbọ́wọ́ kúrò níwájú rẹ̀. Màmá wá tú ẹ̀kẹta létí ìró.

Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó wọlé. Eruku wà lórí àtùpà àkọ́kọ́. Màmá di ojú rẹ̀, ó gbá ọwọ́ mú lẹ́yìn, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó máa fa òun kọjá lọ.