Ìwé Ìròyìn Tí Mi Ò Gbọ́ Tán

Òórùn bébà tó ti gbó ló máa ń kí mi káàárọ̀ nílé bàbá arúgbó tí mò ń tọ́jú ní Lanham. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà nígbà náà, àwọn ọmọ mi wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìbàdàn, àárò wọn sì ń sọ mí. Júù ni bàbá náà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọ̀nà jíjìn ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé. Ọjọ́ mìíràn, àwa méjèèjì nìkan la máa ń gbọ́ ohùn ara wa láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́.

Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló kún inú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Lẹ́tà Hébérù ni mo rí lára wọn, irú èyí tó wà lára ògiri ọ́fíìsì pásítọ̀ wa, ni mo bá gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn wòlíì ni. Ta ni mo bi? Gbogbo nǹkan ni mo mọ̀ nígbà náà. Bí bàbá bá ti sùn lọ́sàn-án, màá kúnlẹ̀, màá gbé ọwọ́ lé ìwé náà, màá máa bẹ Ọlọ́run kí àwọn ọmọ mi rí físà gbà. Lọ́jọ́ kan, bàbá lajú, ó bá mi lórí ìkúnlẹ̀.

“Kí lò ń ṣe níbẹ̀?”

“Àdúrà ni, Bàbá. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run yín ni mo gbé ọwọ́ lé.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní Yídíìṣì ni, èdè tí àwọn òbí òun ń sọ nílé, lẹ́tà Hébérù ni wọ́n kàn fi ń kọ ọ́. Bàbá tó bí i àti àwọn télọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá ìwé ìròyìn náà sílẹ̀. Kọ́múníìsì ni wọ́n, wọ́n fẹ́ kó jẹ́ òṣìṣẹ́ ló ni ilé iṣẹ́, wọn ò sì gbà pé Ọlọ́run wà. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi bá ara wọn jà, tí ìwé náà sì kú. Ojú tì mí, ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kà á fún mi. Á kà á ní Yídíìṣì, á wá túmọ̀ rẹ̀: ìyanṣẹ́lódì, èébú fún àwọn ọ̀gá, ewì nípa ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọmọ rẹ̀ ti ní kó da pàǹtí náà nù. Ó ní, “Èmi nìkan ló kù nílé wa tó lè kà á. Mo fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ọ tán kí n tó kú.” Mo ṣèlérí fún un. Ó wá ku ẹyọ kan, èyí tí wọ́n fi dágbére fún àwọn òǹkàwé.

Ìgbà yẹn ni arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì pè mí. “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń hire ní hospital wa o. Full-time, benefits. Ẹ tètè apply, ẹ má jẹ́ kó bọ́!” Mo rí iṣẹ́ náà gbà. Mo sọ fún bàbá pé màá wá gbọ́ èyí tó kù lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ó ní òun á máa retí mi.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́, wọ́n pè mí síbi iṣẹ́. Ìkejì, ìpàdé àwọn obìnrin ni. Ìkẹta, ó rẹ̀ mí. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Bàbá ti kú, ọkọ̀ akólẹ̀kódọ̀tí sì ti gbé àpótí náà lọ.

Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Àwọn ọmọ mi ti dé báyìí, wọ́n ti ń wa mọ́tò tiwọn, wọ́n sì máa ń fi èmi nìkan sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ Àìkú. Mo máa ń rò ó, bó ṣe jókòó tó ń retí mi. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà tí mo gbà lórí ìwé àwọn tí ò gbà á gbọ́. Èmi tí mo ṣèlérí pé màá gbọ́ ni mi ò gbọ́.