Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lápò Dókítà

Ọlọ́run fún Hidayat ará Basin ní ẹnu, kò fún un ní ìdérí. Ní ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ní GRA, níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò eegun, tí wọ́n sì ń ṣe sikáànù inú, òun ni wọ́n ní kó máa bi àwọn aláìsàn tó ń jáde bóyá iṣẹ́ àwọn tẹ́ wọn lọ́rùn.

Iṣẹ́ náà ì bá dùn, àfi pé Ìlọrin la wà. Ẹni tó jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, "Alhamdulillahi" ni. Ẹni tí ẹ̀rọ kọṣẹ́ mọ́ lórí, "Alhamdulillahi" náà ni. Hidayat á kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú wọn dùn, inú Dókítà Abdulmateen tó ni ilé àyẹ̀wò náà á sì dùn ju tiwọn lọ.

Ohun kan ló ń bí Hidayat nínú. Ẹni tó fẹ́ ṣe sikáànù gbọ́dọ̀ mu omi yó, kó sì mú ìtọ̀ mọ́ra. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó mọ́ tónítóní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá náà gan-an, ṣùgbọ́n Dókítà nìkan ló ń lò ó, àpò rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Ẹ̀yìnkùlé làwọn aláìsàn ń sáré lọ, lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, kò sì sí omi níbẹ̀. Hidayat bẹ Dókítà títí pé kó ṣí i fún wọn.

"Ta ló ráhùn?" ni Dókítà máa ń wí. "Mú ẹyọ ẹnì kan wá."

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Hamzah, arúgbó kan láti Malete, sáré jáde ní yàrá sikáànù. Kò dé ẹ̀yìnkùlé. Ìró rẹ̀ tutù rinrin.

"Ìyá, báwo lẹ ṣe rí iṣẹ́ wa?"

"Alhamdulillahi, ọmọ mi. Ta ni mo jẹ́ tí n ó máa ráhùn sí Ọlọ́run?"

"Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe Ọlọ́run ló ni kọ́kọ́rọ́ yẹn!"

Ìyá rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ìrun Aláàsárì ló ń dùn mí. Kí n tó délé, àsìkò rẹ̀ á ti lọ. Mi ò sì lè fi aṣọ onítọ̀ dúró níwájú Ọba."

Ọ̀rọ̀ náà gún Hidayat lọ́kàn. Láti ọjọ́ kejì, ó pa ìbéèrè àtijọ́ tì. Ohun tó ń bi wọ́n ni pé: "Ṣé aṣọ ọrùn yín yìí ṣe é kírun?"

Háà! Ta ló fẹ́ pa irú irọ́ yẹn? Ọ̀kan ní rárá, èkejì ní astaghfirullah, kí Ọlọ́run forí ji òun, ìyàwó àáfà kan ní kí wọ́n jọ̀ọ́ má jẹ̀ẹ́ kí ọkọ òun gbọ́.

Dókítà ka ìdáhùn wọn, ó ṣí fìlà, ó tún un dé. Òun tó jẹ́ pé sàfù àkọ́kọ́, ìlà iwájú pátápátá ní mọ́sálásí, ló máa ń wà lọ́jọ́ Jímọ̀!

"Hidayat, ṣé o fẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ìlú rù mí ni?"

"Èmi kọ́ o, Dókítà. Ìtọ̀ wọn ni."

Dókítà yọ kọ́kọ́rọ́, ó jù ú sórí tábìlì.

Nígbà tí Ìyá Hamzah padà wá ṣe sikáànù mìíràn, Hidayat ṣílẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì Dókítà fún un. Ìyá pẹ́ nínú ibẹ̀, ó ṣe àlùwàlá rẹ̀ pé. Dókítà fúnra rẹ̀ ló dúró dè é, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti ń retí Alhamdulillahi tirẹ̀.

"Ìyá, ṣé iṣẹ́ wa tẹ́ yín lọ́rùn?"

Ìyá wo ilẹ̀kùn, ó wo Dókítà. "Àṣé eléyìí wà níbí lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó wà, Ìyá."

"Ẹ wá ń wò mí, èmi arúgbó, tí mo tọ̀ sára bí ọmọ ọwọ́? Ojú ò tiẹ̀ tì yín!"

Dókítà lóṣòó, ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Dókítà," ni Hidayat wí, "ẹyọ ẹnì kan tẹ́ ẹ ní kí n mú wá, òun rèé."