Ìdáhùn Tí Mo Fi Yọ Olè

Mo rántí ìgbà tí ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò lábẹ́ èékánná mi, tí ọ̀nà iwájú ilé-ìwé wa ní Wuye ṣì jẹ́ erùpẹ̀ pupa. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Olùkọ́ ìṣirò kejì, ọmọbìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan, ń pè mí ní Mọ́mì. Lọ́gárídìmù tí ìpìlẹ̀ wọn kò dọ́gba máa ń là á lóógùn, ni mo bá yá a ní ìwé tí mo kọ gbogbo ọgbọ́n mi sí. Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nìyí, ó wà nínú ìwé náà: "A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ kó àwọn méjèèjì sórí ìpìlẹ̀ kan kí ẹ tó dájọ́."

Lọ́dún náà, ipò olórí ẹ̀ka ìṣirò ṣófo. Ọ̀gá ilé-ìwé ní òun máa wo bí àwa méjèèjì ṣe ń kọ́ni kí òun tó yan ẹnì kan. Èmi ti ń rìn bí ẹni tó ti jókòó sórí àga náà.

Ọmọbìnrin yìí ló kọ́kọ́ kàn. Mo jókòó ti ọ̀gá lẹ́yìn kíláàsì, mò ń rẹ́rìn-ín bí ìyá ìyàwó. Ó kọ ọ́ sójú pátákó: log₂x = log₄(x + 6). Ó sọ ìpìlẹ̀ méjèèjì di mẹ́rin, ó pa òwe mi láìyọ ọ̀rọ̀ kan, x sì di 3 tàbí −2. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́: "Àǹtí, ṣé méjèèjì la máa mú?"

Ó tún pátákó wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ń fojú wá mi. Àánú ṣe mí, mo dáhùn láti ẹ̀yìn: "Ẹ fi −2 sílẹ̀. Nọ́ńbà tó bá rẹlẹ̀ sí òdo kò ní lọ́gárídìmù."

"Kai!" ni ọ̀gá wí. "Ọ̀nà yìí mà yéni o. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ọgbọ́n Ọlọ́run ni, sà."

Kò wẹ̀yìn. Èmi náà sì pàtẹ́wọ́, òmùgọ̀ àgbà.

Nígbà tó kàn mí, mo pa òwe kan náà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: "Màmá, ó dáa bẹ́ẹ ṣe ń kọ́gbọ́n lára ọmọdé." Kí ni mo fẹ́ fi jà? Ìwé mi wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, kò sì dá a padà títí dòní. Òun ni wọ́n fún ní àga náà.

Mo ti fẹ̀yìntì sí àdúgbò Life Camp báyìí. Wọ́n ní kí n dárí jì í. Ìwé yẹn kò tiẹ̀ dùn mí mọ́. Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo ní pé ọgbọ́n náà kì í ṣe tirẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì fẹnu ara mi pa á rẹ́.