Omi Àmù Tí A Ń Pọn De Àlejò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Èsìẹ́, a kì í béèrè orúkọ lọ́wọ́ àlejò kó tó mu omi. Ilé ìyá mi àgbà wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ síbi tí àwọn ère òkúta wà, àmù ńlá kan sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ pé tìtorí àlejò nìkan ló ṣe gbé e kalẹ̀. Ọmọ ilé tó bá bu omi níbẹ̀, pàṣán ni yóò fi nu ẹnu. Èmi náà ti fi nu ẹnu rí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa bi ara yín pé kí ló dé tí omi lásán fi di nǹkan bàbàrà. Ìtàn àwọn ère náà ló fà á. Àwọn àgbà wa sọ pé ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àlejò tó wá kí ọba ìlú. Wọ́n jókòó dúró de ọba títí, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Inú bí wọn, wọ́n fẹ́ dá ogun sílẹ̀, ibi tí wọ́n jókòó sí náà ni wọ́n sì di òkúta sí, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà. Ẹ̀kọ́ tí ìyá mi àgbà rí kọ́ níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: má jẹ́ kí àlejò dúró.

Ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, tíṣà wa sì ń kọ́ wa ní ohun tó yẹ kí á lè sọ fún àlejò nípa rẹ̀. Kwárà là ń jẹ́, orúkọ tí àwọn ará àríwá ń pe Odò Ọya. Ìlọrin ni olú-ìlú. Èsìẹ́ wa yìí ni wọ́n sì kọ́ ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ sí ní gbogbo Nàìjíríà. Mo há a sórí bí ayékòótọ́. Àlejò kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé bi mí pé níbo gan-an ni odò ńlá náà wà. Mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo nawọ́ sí odò kékeré tí à ń pọn lẹ́yìnkùlé. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá mi àgbà kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

“Ọmọ yìí,” ló wí, “fún un lómi ná. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í gbọ́ ìtàn.”

Mo dàgbà, mo kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Òrò, ohun kan náà ni mo sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó yá, wọ́n kọ ọ́ sára nọ́ńbà mọ́tò pé ìpínlẹ̀ ìrẹ́pọ̀ ni wá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ní agbolé tiwa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ń jẹran Iléyá, wọ́n tún jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n kọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ọ̀nà lónìí. Àwọn ajínigbé ti gba inú igbó. Àwọn àgbẹ̀ ọ̀nà Bàbáńlá ń fi iṣu sílẹ̀ nínú ebè, wọ́n ń sá. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ nílé ìwé, wọ́n gbé e bó ṣe ń bọ̀ láti oko. Ó padà wálé, ṣùgbọ́n títí di òní, bí ọkọ̀ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, yàrá ló ń sá wọ̀. Àlejò dàwátì ní Èsìẹ́.

Mo ní ọmọ ọmọ kan ní Èkó tí kò tíì fojú kan ilé rí. Láìpẹ́ yìí ó pè mí lórí fóònù. Tíṣà wọn ní kí kálukú wá sọ̀rọ̀ nípa ìpínlẹ̀ rẹ̀, kó sì ya àmì rẹ̀. Inú mi dùn, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, Odò Ọya, Ìlọrin, ìrẹ́pọ̀. Mo ní kó ya ère òkúta, mo sì sọ ìtàn àmù fún un. Ló bá ní:

“Màmá àgbà, mo máa wá ní họlidé. Mo fẹ́ mu omi àmù yẹn.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo sì sọ fún un pé kó má wá.

“Ṣé ẹ ò fẹ́ rí mi ni?”

Mo ní mo fẹ́, ọ̀nà ni kò dára. Ó rò pé kòtò ni mò ń sọ. Ó ní ọ̀nà Èkó náà kò dára, pé bàbá òun mọ mọ́tò wà. Báwo ni n ó ṣe sọ̀rọ̀ ajínigbé fún ọmọ kékeré? Mo pa fóònù náà, mo sì sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Àmù ìyá mi àgbà ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń fọ̀ ọ́, tí mò ń rọ omi tuntun sí i, èyí tí ẹnikẹ́ni kò mu ni mò ń dà sídìí ọsàn nírọ̀lẹ́. Ọsàn náà ló ń jẹ̀gbádùn. Ayé ti yí. Láyé àtijọ́, àlejò ló jókòó dúró de onílé títí ó fi di òkúta. Lónìí, èmi onílé ni mo jókòó síbí, tí mò ń wo ọ̀nà, èmi náà ni mo sì sọ fún àlejò mi pé kó má wá.