Ewì Tí Ìyá Mi Kọ̀ Láti Há Sórí

Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má purọ́. Dókítà ti gé díẹ̀ lára kókó tó yọ sí mi lábíyá, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, èsì sì ti jáde. Mi ò lọ gbà á. Bí fóònù bá ti dún báyìí, mi ò ní gbé e.

Ní Ìkòròdú tí mo ti ń ṣe tíṣà, ewì gbọọrọ àwọn ará Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ràn jù láti kọ́ni: ewì tí akéwì á máa kọ títí irun á fi funfun, tí á da ariwo títì, ìròyìn àti ẹjọ́ ilé pọ̀ mọ́ra wọn. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ ìtàn àròsọ lọ́hùn-ún ti rí i pé èèyàn lè fọ́ ìtàn sí wẹ́wẹ́, kó má sì bàjẹ́. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ tèmi, nípa ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn akéwì yẹn kú kí wọ́n tó parí. Mo máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín ní kíláàsì. Ẹ̀rín dà?

Ni mo bá gba Ẹ̀pẹ́ lọ bá ìyá mi lọ́jọ́ Sátidé. Tó bá di oríkì ìdílé wa, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó o; ẹnu ìyá tiẹ̀ ló ti gbà á. Ó ń fọ ẹja lẹ́yìnkùlé. Mo ka ewì mi díẹ̀ fún un.

"Ó dùn," ló wí. "Àmọ́ ṣé kì í tán ni?"

"Mọ́mì, ẹ bá mi há a sórí. Ẹ̀yin lẹ lè ṣe é."

Ó sọ ọ̀bẹ sílẹ̀. "Kí ni mo gbọ́?"

Mo tún un sọ, òmùgọ̀ bíi tèmi.

"Háà! Ìwọ ló yẹ kó o gba tèmi lẹ́nu mi. Èmi wá fẹ́ gba tìẹ, kí n máa kà á lẹ́yìn ta ni? Ẹni ọmọ sin ló bímọ, o gbọ́? Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wò mí."

Mi ò lè wò ó. Mo kàn gbé apá sókè. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó tì í bọ abẹ́ ẹ̀wù mi. Ọwọ́ ẹ̀ kan kókó náà.

"Kí ni dókítà wí?"

"Mi ò tíì lọ gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ó fi ẹja sílẹ̀ nínú abọ́, ó wọlé lọ mú ìborùn. "Dìde. Àwa méjèèjì la jọ máa gbọ́ ọ."

Mo ní kò sẹ́ni tó máa dá wa lóhùn títí di Mọ́ńdé. Ó ní òun á sùn sẹ́nu ọ̀nà ọsibítù.

Nínú ọkọ̀ Ìkòròdú, ó di ọwọ́ mi mú bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó ń ka oríkì ìdílé wa lábẹ́ ẹnu, ó sì ń ṣì í. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù tó ń bà á ju tèmi lọ.